Abẹ Bàbá Mi Mú, Ṣùgbọ́n Kò Fá Irùngbọ̀n

ÌBÉÈRÈ

Òṣìṣẹ́ ojú òkun ni bàbá mi. Ọkọ̀ Nigerian National Shipping Line ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ wọn ń ti Àpápá lọ sí Ìlú Ọba àti ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú àpótí tí wọ́n fi sílẹ̀, mo bá abẹ ìfárùngbọ̀n kan, irú ti àtijọ́ tó máa ń ká wọnú èèkù rẹ̀. Wọ́n tẹ “Solingen” àti “Germany” sí ìdí rẹ̀. Ó ti dógùn-ún, ojú rẹ̀ sì kán díẹ̀ nítòsí orí.

Mo fi kẹrosíìnì àti sáńpépà bọ́ ìpáàrà náà kúrò. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn alápatà ní ọjà Boundary níbí. Ó pọ́n ọn fún mi dáadáa. Ní báyìí, ó ń gé bébà, ó ń gé àlùbọ́sà, ó tilẹ̀ ti gé mi níka. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sí àgbọ̀n, ńṣe ló ń fa irun tu. Ṣé ìpáàrà ti ba irin inú rẹ̀ jẹ́ ni? Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ wẹ́dà ní kí n jẹ́ kí òun fi gráńdà yanjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì wù mí kí n fi abẹ náà fá orí ọmọ-ọmọ mi nígbà ìkómọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkàwé yín, Ajégúnlẹ̀

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, bàbá wa. Ohun tó rú yín lójú yìí máa ń rú àwọn tó mọ ọ̀bẹ í pọ́n gan-an lójú: báwo ni irin tó gé bébà, tó gé àlùbọ́sà, tó tún gé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ṣe lè dé orí irun àgbọ̀n kó kọ̀? Ẹ rò pé ìpáàrà ló fà á. Òun kọ́. Bí wọ́n ṣe pọ́n abẹ náà ló fà á: wọ́n pọ́n ọn bí ọ̀bẹ, abẹ kò sì gba ìpọ́n ọ̀bẹ.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó máa ń tẹ ojú ọ̀bẹ mọ́ òkúta, á sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń díwọ̀n bí ẹ̀yìn náà yóò ṣe ga tó. Lórí ọ̀bẹ ìdáná tàbí ti alápatà, gíga yẹn máa ń tó dígírì 15 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ó di dígírì 30 sí 40. Ìyẹn dára fún ẹran, nítorí bí ojú ọ̀bẹ bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, egungun yóò kán an.

Abẹ yàtọ̀. Ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó nípọn ju bí èèyàn ṣe rò pé irin kékeré bẹ́ẹ̀ yẹ kó nípọn lọ. Ẹni tó rọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yìn abẹ ni ìwọ̀n ojú abẹ. Bí ẹ bá tẹ́ abẹ sórí òkúta pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan òkúta, kí ojú rẹ̀ náà kan án, ìwọ̀n ti pé nìyẹn, ọwọ́ yín kò ní ohunkóhun láti díwọ̀n mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé abẹ kan fẹ̀ tó mìlímítà 16 láti ẹ̀yìn dé ojú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 4.5. Dígírì 16 péré ni ojú rẹ̀ yóò jẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lápapọ̀. Bí ìdajì ti ọ̀bẹ ló rí. Nígbà tí ọkùnrin ọjà Boundary gbé ẹ̀yìn abẹ yín sókè, ó sọ ojú abẹ di ojú ọ̀bẹ. Kò ṣẹ̀ yín o. Iṣẹ́ tó mọ̀ ló ṣe, ó sì ṣe é bó ti yẹ kí wọ́n ṣe é fún alápatà.

Kí ló wá dé tó fi ń gé bébà? Bébà tí ẹ dì mú kò ríbi sá sí. Àlùbọ́sà náà dúró lórí pákó. Irun kò rí bẹ́ẹ̀. Irun àgbọ̀n kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdámẹ́wàá mìlímítà 1 lọ ní nínípọn, ìdí rẹ̀ nìkan ló sì wà nínú ara, orí rẹ̀ wà lófo. Bí ojú tó kì bá kàn án, ó máa ń tẹ̀ síwájú kí abẹ tó wọ inú rẹ̀. Abẹ á máa tì í, ìdí irun á máa fà. Ohun tí ẹ ń rí lágbọ̀n nìyẹn.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ wo ẹ̀yìn abẹ náà dáadáa, pàápàá ibi tó kángun sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òkúta bá ti kan án, ìlà pẹrẹsẹ kan tó ń dán yóò wà níbẹ̀ láti ìdí dé orí. Bí ìlà tuntun bá wà lójú abẹ, tí kò sì sí ọ̀kankan lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yìn kò kan òkúta rárá. Ohun tí mo retí pé ẹ ó bá nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́, nítorí irin tí ìpọ́n yẹn bà jẹ́ kéré púpọ̀, etí abẹ nìkan ló wà.

Kí a tó dé orí bí ẹ ó ṣe tún un pọ́n, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ gráńdà. Ẹ má ṣe gbà. Wọ́n máa ń mú kí irin abẹ gbóná pọ́n, wọn á rì í bọ inú omi tàbí òróró kó lè le, wọn á tún wá yá a níná díẹ̀, bíi 160 sí 200 lórí ìwọ̀n Celsius, kó má baà máa ṣẹ́ bíi gíláàsì. Bí ooru bá ju ìyẹn lọ, líle rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ojú abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ooru kò ríbi gbà lọ lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́nu gráńdà tó láti mú un gbóná kọjá ààlà. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ lára rẹ̀, ooru ibẹ̀ ti tó bíi 300. Irin ibẹ̀ ti rọ̀ nìyẹn, òkúta kankan kò sì lè dá líle rẹ̀ padà. Aládùúgbò yín fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n irin férémù àti géètì ni gráńdà rẹ̀ wà fún.

Ní ti ìpáàrà, ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ihò kéékèèké tó bá kù ní ẹ̀gbẹ́ abẹ kò dí fífá lọ́wọ́. Ẹ lè fi Brasso dán ibẹ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ihò tó ṣe pàtàkì ni èyí tó bá dé ojú abẹ gan-an, nítorí irin ibẹ̀ kò lè dúró, á máa rún. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí ẹ pọ́n abẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi kọjá ihò náà, tí ẹ ó fi dé ibi tí irin ti mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ rì í sínú omi bátìrì kó lè mọ́ tónítóní, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ má sì ṣe é. Ásíìdì máa ń jẹ irin tó dára pẹ̀lú èyí tó ti dógùn-ún, ó sì lè mú kí irin líle máa ṣẹ́.

Ibi tó kán ń kọ́? Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kíkán ló kán, pé kò là. Ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ pa ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí òróró bá ń yọ padà ní ìlà tín-ín-rín, abẹ náà ti là. Abẹ tó là kì í ṣe ohun tí à ń gbé sí ọrùn. Ẹ fi pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí bàbá yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó kàn kán ni, ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ibi tó kán bá jìn tó mìlímítà 1, gbogbo ojú abẹ ni ẹ ó rẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 1. Abẹ tó fẹ̀ tó 16 á di 15, dígírì ojú rẹ̀ á sì kúrò ní 16 bọ́ sí bíi 17. Yóò ṣì fá irun. Bó bá jìn tó mìlímítà 3, dígírì náà á sún mọ́ 20, fífá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Àmọ́ ẹ ní ìtòsí orí ló ti kán. Oore nìyẹn. Dípò kí ẹ rẹ gbogbo ojú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lè fi òkúta rọra yí igun orí abẹ náà ká títí ibi tó kán yóò fi wọ inú ibi tó rí roboto. Ọ̀pọ̀ abẹ ló ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú orí roboto bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, bí ẹ ó ṣe tún un pọ́n. Èyí tó dára jù ni òkúta olómi mẹ́ta tí nọ́ńbà ìkúnná wọn jẹ́ 1000, 4000 àti 8000. Òkúta olójú méjì tí wọ́n ń tà lọ́jà fún ọ̀bẹ kò kúnná tó. Bí ẹ kò bá tètè rí òkúta 1000, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò, kí ẹ ra sáńpépà olómi nọ́ńbà 1000 àti 2000. Ẹ fi omi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé tó nípọn, tó sì tẹ́jú. Sáńpépà yóò ṣe iṣẹ́ líle àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n 2000 kò tó parí iṣẹ́ abẹ. Kò sí bí ẹ ó ṣe yẹ òkúta 8000 sílẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi máákà dúdú kun ìlà tó ń dán lójú abẹ, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ tẹ́ abẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn àti ojú pọ̀, kí ẹ tì í lọ síwájú lórí òkúta, kí ojú rẹ̀ máa ṣíwájú. Lórí sáńpépà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó ṣíwájú, kó má baà gé bébà náà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ tó. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má kúrò lórí òkúta bí ẹ ti ń yí i. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ wo dúdú máákà náà. Ní abẹ yín, mo retí pé òkè ìlà náà ni yóò kọ́kọ́ parẹ́, tí etí gan-an yóò sì ṣì dúdú. Ẹ̀rí nìyẹn pé ojú ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe sí i ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa bá a lọ. Ẹ máa tún un kùn, kí ẹ sì máa pọ́n ọn, títí dúdú yóò fi parẹ́ pátápátá dé etí, láti ìdí dé orí, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà; kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ti gbé e sórí òkúta 4000 kí etí rẹ̀ tó kan òkúta 1000, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé ó ń dán kò sì ń fá. Òkúta tó kúnná kò lè ṣe iṣẹ́ tí òkúta tí kò kúnná fi sílẹ̀. Ẹ fi irun apá yín wò ó: bí abẹ bá ti ń fá irun apá láti ìdí rẹ̀ dé orí rẹ̀, láìfà á, nígbà náà ni kí ẹ kúrò lórí 1000. Lórí 4000, ẹ pọ́n títí ẹ kò fi ní rí ìlà tí 1000 fi sílẹ̀ mọ́. Lórí 8000, ẹ ṣe bákan náà, kí ọwọ́ yín tún fúyẹ́ sí i.

Awọ ló kàn. Ẹ ní kí aránbàtà gé awọ tó jọ̀lọ̀ fún yín, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, kó gùn tó 45. Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ nǹkan tí kò lè mì, kí ẹ fa ìkejì le. Lórí awọ, ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú, ojú rẹ̀ ló ń tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ṣe é bíi ti òkúta, ẹ ó gé awọ, ojú abẹ á sì tún kú. Ẹ fà á lọ, ẹ fà á bọ̀, bíi ìgbà 50 tàbí 60. Bí ó bá ṣì ń ta yín lágbọ̀n díẹ̀, ẹ fi ìpara àwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní chromium oxide pa awọ mìíràn, kí ẹ fà á lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó padà sórí awọ lásán. Tí ẹ bá wá ní kí ẹlòmíràn bá yín pọ́n ọn, ẹ jókòó tì í. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣọ́: kó má gbé ẹ̀yìn abẹ sókè.

Ẹ wo èèkù rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ìwo, òróró díẹ̀ tó o. Bó bá jẹ́ celluloid, ìyẹn oríṣi ike àtijọ́ kan tó máa ń jọ eyín erin tàbí èèpo ìjàpá, tó sì ń rùn tó ń ta nímú, ike náà ti ń bàjẹ́, èéfín inú rẹ̀ sì lè wà lára ohun tó mú abẹ dógùn-ún. Ẹ má ṣe pa á mọ́ sínú àpótí tí atẹ́gùn kò wọ̀, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná, nítorí ó máa ń gbiná kíákíá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi èèkù igi tàbí ìwo rọ́pò rẹ̀.

Ẹ béèrè nípa irin inú rẹ̀. Orúkọ Solingen jẹ́ ohun tó fini lọ́kàn balẹ̀. Ìlú yẹn ní Jámánì àti Sheffield ní Ìlú Ọba ni ìlú méjì tó lókìkí jù lọ fún irú abẹ yìí. Láti ọdún 1938 ni òfin Jámánì ti ń dáàbò bo orúkọ Solingen, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ sára irin tí kò ti ibẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ “Germany” tó wà ní ìdí rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan ní ọdún 1890 ló pàṣẹ pé kí ọjà tó bá ń wọ ilẹ̀ wọn máa gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá, nítorí náà abẹ tó gbé e sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà. Bó bá jẹ́ “W. Germany” ni wọ́n tẹ̀, ẹ̀yìn ọdún 1949 ni wọ́n ṣe é. Ọdún 1959 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ tí bàbá yín bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí abẹ náà ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ orí ọmọ tuntun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra abẹfẹ́lẹ́ tuntun fún un. Kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B lè wà láàyè lórí irin fún ó kéré tán ọjọ́ 7, ojú kò sì lè rí i. Kí abẹ bàbá yín jẹ́ tiyín nìkan, kó má gba orí ẹlòmíràn lọ. Bí àwọn kan bá sì ti sọ fún yín pé ìpáàrà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, kòkòrò inú ilẹ̀ àti ìdọ̀tí ló ń fà á. Abẹ tó mọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀.

Ó ku ìtọ́jú. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀ ní iyọ̀ nínú, ọ̀rinrin Èkó kò sì fi irin lọ́rùn sílẹ̀, àgàgà nígbà òjò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fárùngbọ̀n tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu abẹ dáadáa títí kan ibi tó ti so mọ́ èèkù. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí títí yóò fi gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kí ẹ tó ká a. Kí ẹ tó tún lò ó, ẹ nu òróró náà kúrò kí ẹ sì fà á lórí awọ. Bí ẹ bá ń ṣe èyí, ó lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan kó tó tún fẹ́ rí òkúta, nígbà náà 8000 nìkan ni yóò sì béèrè.